Fáìlì Àgbà Kì Í Dìde fún Fáìlì Ọmọdé

Ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ọkùnrin kan fún yín, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ kúrò lórí àga ọlá. Ọ̀gá àgbà ni ní Ilé-iṣẹ́ Omi. Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé: kí omi máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àti pé lọ́jọ́ tí kò bá ní í yọ, kí wọ́n tètè sọ fún aráàlú, kí oníkálukú lè pọn tirẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bi ọ̀gá yìí, yóò ní ohun tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ni pé kí òun lè rí ibi jókòó.

Kòsírúẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Kì í ṣe lójú rẹ̀ o. Ẹnu akọ̀wé rẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ náà, nítorí akọ̀wé yìí kì í parí gbólóhùn kan láìfi "kò sí irú yín, sà" dé e. Bí ọ̀gá bá sín, kò sí irú sísín bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọ̀gá bá gbàgbé ibi tó gbé awò ojú rẹ̀ sí, kò sí ẹlòmíràn tó lè gbàgbé nǹkan tọlátọlá bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀nisà ni wọ́n ń pe akọ̀wé ní tirẹ̀. Mo ti rí àwọn apọ́nnilé láyé mi, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yìí máa ń bí mi nínú, torí pé gbogbo ìgbà tó fi ń pọ́n ọ̀gá, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

Lákòókò tí mò ń wí yìí, sáà Kòsírúẹ̀ ti ń lọ sópin. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ wá bẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n rí ohun tó gbé ṣe, kí wọ́n sì sọ bóyá kó ṣe sáà kejì tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ó fẹ́ sáà kejì yìí débi pé oúnjẹ kì í wọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun mọ́ bó bá rántí rẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni Alága ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò bá pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo àwàdà tí Kòsírúẹ̀ ti dá níwájú rẹ̀ ló ti jábọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ṣà á. Ó wá pinnu pé ìkànnì ilé-iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun máa fi wọ̀ ọ́ lójú, ó tilẹ̀ ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun lòun dá a sílẹ̀.

Ìkànnì yìí ni aráàlú máa ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó bu omi sí nǹkan kan láàárọ̀. Obìnrin kan ló ń tọ́jú rẹ̀, Ìyá Ìkànnì ni wọ́n ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ. Ẹnu rẹ̀ mú, ó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́ ọ. Ẹ̀dà méjì ni ìkànnì náà ní. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì obìnrin yìí, ibẹ̀ ló ti ń kọ̀wé tó sì ń tún un ṣe. Ìyẹn ni ẹ̀dà ilé. Ìkejì wà nínú ẹ̀rọ kan tó jìnnà réré, òun ni gbogbo ayé ń rí lórí fóònù wọn. Ìyẹn ni ẹ̀dà òde. Ètò kan wà láàárín méjèèjì tó ń ṣe ìránṣẹ́ wọn. Á wo fáìlì tó wà nílé, á wo ìkejì rẹ̀ tó wà lóde, èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nínú méjèèjì ni yóò gbé bo èyí tó ti pẹ́, kí ilé àti òde lè bára mu. Kò sí ìjà, kò sí ìta.

Kòsírúẹ̀ ti sọ ìkànnì náà di dígí rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí i, ojú ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ rí. Á fi ìka fà á sókè, á rí àyà. Á tún fà á, á rí bàtà. Lẹ́yìn bàtà ni ọ̀rọ̀ omi tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó sì ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá mú fóònù rẹ̀ láti ka ọ̀rọ̀ ìkíni tuntun tó kọ sórí ìkànnì, èyí tó pe àkọlé rẹ̀ ní Ọ̀rọ̀ Ìtura Látẹnu Orísun Omi. Ó ti kà á lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, ó tilẹ̀ sunkún díẹ̀ nígbà tó dé ibi tó dára jù. Láàárọ̀ yìí, kò bá a níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni ti tẹ́lẹ̀ ló padà jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò jáde rí. Ó pariwo pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí ìpàdé pàjáwìrì. Bẹ́ẹ̀nisà ló kọ́kọ́ dìde láti fi oríkì ṣí ìpàdé. Ó kí ọ̀gá ní odò tí òjò ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀, ó kí i ní ẹ̀rọ tí kì í dá, ó kí i títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ọwọ́ wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Kòsírúẹ̀ wí nígbà tí oríkì tán, "àjálù ti wọlé. Lánàá, gbogbo ayé ka ọ̀rọ̀ mi. Lónìí, ayé jí, wọn ò bá ọ̀rọ̀ mi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa rò?"

Ìyá Ìkànnì ti wádìí ọ̀rọ̀ náà kó tó wá jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀nisà ti gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀dà òde lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀ tààrà láti máa fi oríkì kún ojú ewé ọ̀gá. Obìnrin náà ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ewé kan náà nílé láìmọ̀. Ẹni tó bá kọ̀wé kẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì ni ìránṣẹ́ ń gbé tirẹ̀ bo ti ẹnì kejì, oríkì tí akọ̀wé fi kún ti àtijọ́ ló sì gbé ìkíni tuntun náà mì. Ó ní kí akọ̀wé dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ máa gba ilé kọjá kó tó dé òde. Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá ní kó ṣàlàyé fún òun bí ìránṣẹ́ ṣe ń mọ èyí tó máa borí, òun náà sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ọ̀gá kíákíá, ó wá lo ọ̀rọ̀ kan tó máa kábàámọ̀ rẹ̀ pẹ́.

"Èyí tó jẹ́ ọmọdé nínú àwọn fáìlì náà ló máa ń bo èyí tó jẹ́ àgbà, sà."

Kòsírúẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ní kó tún un sọ. Obìnrin náà tún un sọ, ó sì gbìyànjú láti fi kún un pé bí èdè iṣẹ́ ṣe rí lásán nìyẹn, kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni fín. Ọ̀gá kò gbọ́ ìyẹn mọ́.

"Nínú ilé-iṣẹ́ tí èmi jẹ́ olórí rẹ̀," ó wí, "ṣé ibẹ̀ ni fáìlì tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí ti ń wá gbé ìdí lé àgbà lórí? Ta ló kọ́ ọ? Bí ọmọdé bá tiẹ̀ ní aṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà ni?"

Òwe náà dùn, àwọn kan tilẹ̀ mi orí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rántí pé àkísà ni òwe náà fi ń yin àgbà. Ó dá mi lójú pé Kòsírúẹ̀ kò rántí.

Ó pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n yí ètò náà padà. Láti ìsinsìnyí lọ, bí fáìlì méjì bá pàdé, èyí tó bá pẹ́ jù ni kó máa borí, èyí tó bá kéré ni kó gba ibòmíràn lọ. Ìyá Ìkànnì kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Ó dìde, ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò sì wọ kèrègbè. Ó ní bí àgbà bá ń borí nígbà gbogbo, kò sí ohun tuntun kankan tí àwọn bá kọ tó máa dúró. Omi á dá, àwọn ò ní lè sọ fún ẹnì kan.

"Ní sùúrù fún tuntun náà," ni ọ̀gá dá a lóhùn. "Òun náà á dàgbà."

Bẹ́ẹ̀nisà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní ọgbọ́n yìí ju ti ayé lọ, ó ní àgbà kì í sáà wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ṣe ayẹyẹ fún àṣẹ náà. Wọ́n so rìbọ́nì pupa mọ́ máòsì kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ayàwòrán kan sì kúnlẹ̀ kó lè ya ọ̀gá láti ìsàlẹ̀, ibi tó ti máa ń ga jù. Ìyá Ìkànnì ní bí àṣẹ ọ̀gá bá ni, kí ọ̀gá fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́. Inú Kòsírúẹ̀ dùn sí i, ó rò pé ọlá ló fún òun. Ó gé rìbọ́nì, ó tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí kí ilẹ̀ mì.

Láti ọjọ́ náà ni ìkànnì ti yadi. Bí Ìyá Ìkànnì bá kọ ọ́ pé omi máa dá ní àdúgbò kan, ìránṣẹ́ á wò ó, á rí i pé ọmọdé ni, á sì gbé ti àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ó lẹ ìwé ìkéde mọ́ ẹnu géètì, ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ọ́, pé ó ń ba ẹwà ibi ìwọlé jẹ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí ẹnu géètì pẹ̀lú korobá òfìfo lọ́wọ́. Wọ́n ń kígbe, wọ́n sì ń fi korobá lu korobá gbàgàgbàgà. Bẹ́ẹ̀nisà wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ó ní aráàlú ló wá fi ìlù dá ọ̀gá lọ́lá. Kòsírúẹ̀ yọrí lójú fèrèsé, ó juwọ́ sí wọn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iyì sùúrù títí ẹnì kan fi ju ọṣẹ lù ú. Akọ̀wé ní ẹ̀bùn ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Kòsírúẹ̀ lọ́kàn: Ọ̀rọ̀ Ìtura tirẹ̀ náà kò dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e síbẹ̀ ni òfin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ń lé e jáde. Ẹlòmíràn ì bá ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n. Òun bèèrè bí wọ́n ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ òun di àgbà.

Bẹ́ẹ̀nisà ló rí ọ̀nà. Ó ní nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù àlòkù sí, kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó pẹ́ ju gbogbo èyí tó wà ní ilé-iṣẹ́ lọ. Láyé ọ̀gá tó ṣáájú Kòsírúẹ̀ ni wọ́n ti lò ó. Bí wọ́n bá fi Ọ̀rọ̀ Ìtura sínú rẹ̀, tí wọ́n sì so ó mọ́ ìkànnì, ta ni yóò gbójú sókè bá ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àgbà kọ̀ǹpútà wí? Ìmọ̀ràn yìí dùn mọ́ ọ̀gá nínú débi pé ó bọ akọ̀wé lọ́wọ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà jáde, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e sórí ìrọ̀rí ní àárín gbọ̀ngàn, ọ̀gá sì ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ń kọjá máa kí i. Àwọn kan kí i lóòótọ́. Èèyàn ò mọ ohun tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ìyá Ìkànnì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ inú rẹ̀ wò ná, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kòsírúẹ̀ ní a kì í tú àpò àgbàlagbà wò. Ìgbà tí kò dákẹ́, ó ní kó fi ìkànnì sílẹ̀ fún akọ̀wé títí ìgbìmọ̀ á fi wá lọ, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà máa fi ìjókòó han àlejò. Obìnrin náà lọ. Ó bínú, àmọ́ kí ó tó dìde, ó da gbogbo ẹ̀dà ilé sínú fóònù ara rẹ̀, ó sì tì í pa.

Nígbà tí àárọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò mọ́, Bẹ́ẹ̀nisà so okùn àgbà kọ̀ǹpútà mọ́ ìkànnì. Ọ̀rọ̀ Ìtura wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ ọwọ́ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà kò sọ ọ́ di bàbá àgbà. Gbogbo fáìlì yòókù tó wà níbẹ̀ ló ju ohunkóhun tó wà nílé àti lóde lọ lọ́jọ́ orí. Ìránṣẹ́ rí wọn, ó pa òfin mọ́, ó gbé gbogbo wọn jáde. Akọ̀wé rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ ti parí, ó sì sáré lọ nu bàtà ọ̀gá láìwo ohunkóhun mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níwájú dígí, ó ń kọ́ bí òun yóò ṣe fi ìrẹ̀lẹ̀ gba sáà kejì.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti pè é. Ìyàwó yìí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fọrun tí wọ́n sì ń ṣerun, ó sì ti fi ọṣẹ sórí oníbàárà kan.

"Dádì, omi dá."

"Kò lè dá. Wo ìkànnì wa."

"Ìkànnì ni mo wò kí n tó fi ọṣẹ sí i. Ó ní lónìí, omi wà ní àdúgbò wa láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ìkànnì wí lóòótọ́. Àmọ́ òní tó ń wí ti di àtijọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Kòsírúẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti omi àdúgbò náà pa láàárọ̀ yẹn, kí wọ́n fọ páìpù, kí omi lè mọ́ gaara nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń kọjá. Ìyá Ìkànnì ti kọ ìkéde náà kí wọ́n tó lé e sẹ́nu ọ̀nà, òfin sì ti gbé e mì. Ọ̀gá bi ìyàwó rẹ̀ pé irú oníbàárà wo ni kò lè dúró díẹ̀. Ìyàwó ní ìyá àgbà kan ni, ó ní ìpàdé kan lòun ń lọ, ọṣẹ sì ti wọ̀ ọ́ lójú.

"Sọ fún ìyá náà kó kọ́ sùúrù," ni Kòsírúẹ̀ wí. "Àgbàlagbà tí kò ní sùúrù, kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ?"

Ó ti dá fóònù rẹ̀ dúró kí ìyàwó tó rí àyè sọ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gbọ́ ohùn ọ̀gá lórí fóònù, torí pé ọwọ́ òun kún fún ọṣẹ.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti jókòó nígbà tí Alága wọlé. Aṣọ ìnura funfun kan ni wọ́n fi wé orí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ìhó ọṣẹ sì ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kí òun wò. Bẹ́ẹ̀nisà nìkan ló sáré pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sí irú gèlè yín, Mà. Alága kọjá lára rẹ̀, ó sì lọ jókòó. Kòsírúẹ̀ kò mọ orí tó wà lábẹ́ aṣọ náà, ó rò pé àṣà tuntun ni, ó sì pinnu láti ra irú rẹ̀ fún ìyàwó òun.

Ó gba máìkì. Ó kí àwọn àlejò, ó kí ara rẹ̀, ó sọ bí òun ṣe bá ilé-iṣẹ́ náà, pé àkísà nìkan ni ọ̀gá tó ṣáájú fi sílẹ̀ fún òun. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé àwòrán sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí ìkànnì. Ó nawọ́ sí ògiri náà láìyíjú padà.

"Ẹ wo ojú yìí. Ojú yìí ló sọ ilé-iṣẹ́ yìí di ohun tó jẹ́ lónìí. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sọ fún mi bóyá irú rẹ̀ tún wà."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń bọ̀ wá síwájú. Kòsírúẹ̀ rò pé ayọ̀ ni. Ó ní ojú náà kì í sùn nítorí aráàlú, ó ní kí wọ́n wo ọgbọ́n tó wà níwájú orí rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín náà pọ̀ ju ayọ̀ lọ ló tó bojú wẹ̀yìn.

Ojú ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ló wà lára ògiri. Fọ́tò ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ ní àdúgbò kan ni: bàbá arúgbó náà tẹ̀ ba, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan dúró tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gbé báàgì bàbá náà há abíyá, ó sì na agboòrùn lé e lórí. Lábẹ́ fọ́tò náà ni orúkọ àwọn àdúgbò wà, níbi tí omi wà àti níbi tí kò sí, pẹ̀lú lẹ́tà tó hàn kedere.

Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ọṣẹ kúrò lára rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀.

"Mo rí ọ̀gá àná níbẹ̀," ó wí. "Ìwọ dà? Níbo lo wà nínú fọ́tò yẹn?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra ni obìnrin yìí ti ń sọ "ẹ̀yin" fún un. "Ìwọ" yìí wọ̀ ọ́ lára ju ẹ̀rín gbogbo gbọ̀ngàn lọ. Ojú tì í, ó tì í gan-an.

"Èmi ni mo di agboòrùn mú, Mà."

Alága ní ṣebí ó sọ fún àwọn pé òun ló dá ìkànnì náà sílẹ̀. Kòsírúẹ̀ nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní Ìyá Ìkànnì ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Wọ́n pe obìnrin náà wọlé. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìbínú, ó ní ọ̀gá fi ìka ara wọn tẹ̀ ẹ́, wọ́n tilẹ̀ so rìbọ́nì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀nisà ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ti Alága lákòókò yìí. Ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé òun ti ń kìlọ̀ fún wọn tipẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún Kòsírúẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun ṣì í ṣe, kí ó bẹ̀bẹ̀, bóyá wọn ì bá rò ó. Alága fúnra rẹ̀ ṣí ọ̀nà náà fún un, ó bi í bóyá ó ṣì dúró lórí òfin yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó, ayàwòrán sì ti kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó na ọrùn rẹ̀, ó fa aṣọ rẹ̀ gún.

"Mo dúró lórí rẹ̀, Mà. Ibi tí àgbà bá wà, ọmọdé gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún un. Àgbà ló yẹ kó borí."

"Ó dáa," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ìgbìmọ̀ máa tẹ̀lé òfin yín. Ẹni tó ṣáájú yín ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Òun ni àgbà. A máa bẹ̀ ẹ́ kó padà wá bá wa tọ́jú ibẹ̀ títí a ó fi rí ẹlòmíràn. Kí ẹ̀yin náà padà síbi tí ẹ wà nínú fọ́tò."

Ó ti padà sí "ẹ̀yin." Èyí ló sì jẹ́ kó yé Kòsírúẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá.

Ìyá Ìkànnì yí ètò náà padà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó da ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ padà sílé, ilé sì gbé e jáde sóde. Bàbá arúgbó gbà láti padà. Ní àárọ̀ tó dé, Bẹ́ẹ̀nisà ti wà lẹ́nu géètì, ó ní kò sí irú ìpadàbọ̀ yín, sà. Bàbá kí i, ó sì ní kó lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kòsírúẹ̀ sáré síwájú láti gba báàgì. Ó ti múra rẹ̀ láti òru, ó ti gbà pé ohun tó kù fún òun nìyẹn.

"Ẹ fi sílẹ̀, kò wúwo," ni bàbá wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn kankan lójú rẹ̀. "Ẹ kúkú sọ fún mi. Àdúgbò wo ni omi ti dá láàárọ̀ yìí?"

Kòsírúẹ̀ la ẹnu. Gbogbo sáà tó fi jẹ́ olórí Ilé-iṣẹ́ Omi ló ń wá kiri nínú orí rẹ̀, kò rí àdúgbò kan mú. Bàbá dúró, ó ń retí, torí pé ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Nígbà tó pẹ́, Kòsírúẹ̀ ní òun ń bọ̀. Ó rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn Ìyá Ìkànnì, ó sì kan án kó tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ó wí, "níbo ni omi ti dá lónìí?"